Kí Àlàárì Má Baà Di Bùráùn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Prófáìlì Àwọ̀ Láti Inú Kámẹ́rà Dé Orí Pépà

Kò sí onífọ́tò òde ìnáwó tí kò tíì gbọ́ ọ rí: "Àwọ̀ aṣọ wa kọ́ nìyí o." Wọ́n ti rí fọ́tò náà lórí fóònù, inú wọn dùn. Ìgbà tí álíbọ́ọ̀mù dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àlàárì ìyá ìyàwó ti ń lọ sí bùráùn, ìlà ara ẹtù bàbá kò hàn mọ́, ojú ìyàwó sì pọ́n. Onífọ́tò ní láàbù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Láàbù ní bí fáìlì ṣe dé ọwọ́ àwọn làwọn ṣe tẹ̀ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Àwọ̀ kò sí nínú fáìlì. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Gbogbo tótòtó kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò ló ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti ewé àti ti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun wọn ìrẹsì "méjì" láì sọ bóyá kóńgò ni tàbí dẹ́ríkà, ohun tó bá bá nínú àpò, kó fara mọ́ ọn. Prófáìlì àwọ̀ ló ń sọ òṣùwọ̀n tí a fi wọn nọ́ńbà yẹn. 255, 0, 0 ni pupa tó le jù tí sRGB, òṣùwọ̀n àwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, lè gbé. Pupa yẹn gan-an, bí ẹ bá kọ ọ́ sínú Adobe RGB, òṣùwọ̀n mìíràn tó gbòòrò ju sRGB lọ, á di 219, 0, 0. Bí ẹ̀rọ kan bá wá ka nọ́ńbà Adobe RGB bí ẹni pé sRGB ni, fọ́tò á ṣá. Bí ó bá ṣe òdìkejì rẹ̀, àwọ̀ á le kọjá ààlà, ojú ènìyàn á sì pọ́n bí ẹni tí oòrùn jó.

Ọdún 1993 ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Adobe, Apple, Kodak àti Microsoft kó ara wọn jọ dá International Color Consortium sílẹ̀, kí prófáìlì tí ẹ̀rọ kan bá kọ lè yé ẹ̀rọ mìíràn. Òun ló fà á tí fáìlì prófáìlì fi ń parí pẹ̀lú .icc tàbí .icm. HP àti Microsoft mú sRGB wá ní 1996, Adobe RGB tẹ̀lé e ní 1998. Òfin tí mo fi ń lò wọ́n kò gùn: nọ́ńbà kò gbọdọ̀ jáde nílé láì mú prófáìlì rẹ̀ dání, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà láì nídìí. Gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Yàrá àti ojú kọ̀ǹpútà

Ẹ má tíì ṣí Photoshop. Yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ń ta sí ni lójú, tí gílóòbù rẹ́súrẹ́sú sì ń tàn lókè orí yín, ojú yín á ti bá a mu, ẹ ó sì máa fi àtúnṣe fọ́tò bá yàrá jà. Ògiri funfun tàbí aláwọ̀ eérú, iná tí kì í yí padà, kí oòrùn ojú fèrèsé má sì máa tàn sára mọ́nítọ̀: ó ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń dá ojú kọ̀ǹpútà yí padà fúnra rẹ̀: Night Light lórí Windows, Night Shift àti True Tone lórí Mac, àti ìmọ́lẹ̀ aládàáṣe tó ń ga tó ń relẹ̀ bí yàrá bá ṣe rí. Àwa tí iná kì í gbé lọ́dọ̀ wa dọ́jọ́ alẹ́ tún ní ìṣòro tiwa. Bí iná bá lọ tí lápútọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àwọn mìíràn tó ń lo ẹ̀rọ ìwòran Intel á tún máa yí ìyàtọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun kí bátìrì lè pẹ́. Nínú Intel Graphics Command Center, ẹ wá Display Power Savings lábẹ́ Power, kí ẹ pa á. Fọ́tò tí a bẹ̀rẹ̀ lórí iná NEPA tí a wá parí rẹ̀ lórí bátìrì, ojú méjì ni a fi ṣe é.

Ó wá ku kí a wọn mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń gbé kọ́ ojú mọ́nítọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Spyder ti Datacolor àti àwọn ti Calibrite ni ó wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ ti tàn fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́, ẹ mú D65 fún funfun, ìyẹn 6500K, gamma 2.2 (bí mọ́nítọ̀ ṣe ń pín ìmọ́lẹ̀ láti dúdú dé funfun), kí ìmọ́lẹ̀ sì wà láàárín 80 àti 120 cd/m². Bí ẹ kò bá ní rántí òmíràn, ẹ rántí ti ìmọ́lẹ̀ yìí. Mọ́nítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí máa ń mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ á rò pé ojú ìyàwó ti mọ́lẹ̀ jù, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; pépà tí kò ní iná kankan lẹ́yìn á wá gbé òkùnkùn jáde. Tó bá jẹ́ pé gbogbo fọ́tò yín ló ń dúdú lórí pépà, ẹ fi prófáìlì sílẹ̀ ná, mọ́nítọ̀ ni kí ẹ lọ bi léèrè.

Ẹ̀rọ yẹn á kọ prófáìlì kan fún mọ́nítọ̀ yín, á sì fi sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má mú un bíi prófáìlì iṣẹ́ nínú Photoshop, ẹ má sì fi í sínú fọ́tò kankan, torí ojú mọ́nítọ̀ yín nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oṣooṣù ni kí ẹ máa tún un wọ̀n. Owó ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ onífọ́tò mẹ́rin márùn-ún tó wà ládùúgbò kan lè dáwó rà á kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá rí i rà rárá, kó kọ dccw síbi ìwákiri lórí Windows, kó tẹ̀lé ohun tó bá ní kó ṣe. Mac náà ní tirẹ̀ nínú ètò Displays. Ojú lásán ni a fi ń wọn ti àwọn yẹn, àmọ́ ó sàn ju kí a fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ti ọjà dé.

Àwọn lápútọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ojú wọn kò lè gbé gbogbo àwọ̀ sRGB tán, tí àwọ̀ sì ń yí bí ẹ bá ti gbé orí sókè díẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, mọ́nítọ̀ IPS (irú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí bí ẹ bá gbé orí) kan tó gbé sRGB tán á wúlò fún yín ju lẹ́ńsì tuntun tí ọkàn yín ń fà sí lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Kámẹ́rà

Ibí yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ètò sRGB tàbí Adobe RGB inú kámẹ́rà kò kan fáìlì RAW yín. JPEG ló kàn. Ẹni tó ń ya JPEG, kó fi í sí sRGB. Lára Nikon àti Canon, ẹ tètè lè mọ̀ láti ara orúkọ fáìlì: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀, bíi _DSC tàbí _MG, Adobe RGB ni wọ́n fi kámẹ́rà náà sí.

Fóònù ńkọ́? Láti orí iPhone 7 tó jáde ní 2016 ni iPhone ti ń ya fọ́tò sínú Display P3, òṣùwọ̀n mìíràn tó gbòòrò ju sRGB lọ. Bí àbúrò ìyàwó bá kó tirẹ̀ wá pé kí ẹ fi kún álíbọ́ọ̀mù, ẹ wo prófáìlì rẹ̀ kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ tiyín.

Ẹ sì ya káàdì eérú kan nínú iná gbọ̀ngàn kí àwọn onílù tó wọlé, kí ẹ lè rí ohun fi tún white balance ṣe nílé, kí funfun lè jẹ́ funfun. Iná aláwọ̀ pọ́pù àti búlúù tí wọ́n máa ń tàn sí ojú tọkọtaya nígbà ijó, kò sí prófáìlì tó ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ètò àwọ̀ inú Photoshop àti Lightroom

Nínú Photoshop, ẹ tẹ Shift+Ctrl+K. Ní iwájú RGB, lábẹ́ Working Spaces, ohun méjì péré ni mo lè ní kí ẹ mú níbẹ̀. Bí gbogbo iṣẹ́ yín bá ń lọ sí láàbù àti sórí fóònù, ẹ mú sRGB IEC61966-2.1, kí ẹ gbàgbé ìyókù. Bí ẹ bá ní prínta oní-íǹkì-púpọ̀ tiyín tí ẹ fi ń tẹ fọ́tò ńlá fún ògiri, Adobe RGB (1998) dára, torí ó gbé àwọn àwọ̀ ewé àti búlúù tó ń fà sí ewé tí sRGB kò lè gbé, irú prínta bẹ́ẹ̀ sì lè tẹ díẹ̀ nínú wọn. ProPhoto RGB tí Kodak ṣe tóbi ju méjèèjì lọ. Ó tóbi débi pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Inú 16-bit, tí ìpele àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti 8-bit lọ fíìfíì, nìkan ni kí ẹ ti lò ó, torí bó bá jẹ́ 8-bit, ojú ọ̀run tó yẹ kó tẹ́jú lè máa jáde ní ìpele ìpele. Fún iṣẹ́ òde ìnáwó, n kò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Lábẹ́ Color Management Policies, ẹ mú Preserve Embedded Profiles, kí ẹ sì mààkì àwọn àpótí Ask When Opening. Á máa bi yín ní ìbéèrè títí tí á fi sú yín. Ẹ má pa á. Ìbéèrè yẹn ló ń ta ènìyàn lólobó pé fáìlì kan kò ní prófáìlì, kí a tó fi gbogbo ọ̀sán tún un ṣe.

Lightroom Classic ní àyè àwọ̀ (ìyẹn òṣùwọ̀n bíi sRGB) ńlá tirẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ nínú Develop, ẹ kò sì lè yí i. Ibi méjì ló kàn yín níbẹ̀. Èkínní ni External Editing nínú Preferences, níbi tí ẹ ó ti mú àyè àwọ̀ kan náà tí ẹ mú nínú Photoshop. Èkejì ni ojú Export: ohunkóhun tó bá ń lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, Color Space rẹ̀, kó jẹ́ sRGB.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí fáìlì bá dé láì ní prófáìlì

Fáìlì tó bá ní prófáìlì, ẹ jẹ́ kó lo tirẹ̀, kódà bí kò bá tiyín mu. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí la ó yí i. Èyí tí kò ní prófáìlì rárá ló ń fa wàhálà, irú èyí tó ti gba inú áàpù ẹ̀ṣọ́ ojú kan tàbí ìkànnì kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àṣẹ méjì wà lábẹ́ Edit tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú. Assign Profile kò fọwọ́ kan nọ́ńbà. Òṣùwọ̀n tí a fi ń kà á ló ń pààrọ̀, nítorí náà àwọ̀ á yí lójú yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Convert to Profile ló ń yí nọ́ńbà kí àwọ̀ lè dúró síbi tó wà. Fáìlì tí kò ní prófáìlì, Assign ló nílò. Fáìlì Adobe RGB tó fẹ́ lọ sí láàbù tó ń lo sRGB, Convert ni. Ẹni tó bá fi Assign lẹ sRGB mọ́ fáìlì Adobe RGB ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣá àwọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa Saturation (bí àwọ̀ ṣe le tó) sókè láti wá ohun tó sọnù, ojú àwọn ènìyàn inú fọ́tò á sì bá a lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ kọ́kọ́ fi sRGB sí i, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Bí awọ ara bá rẹ̀ tí aṣọ sì ṣá, ẹ dán Display P3 wò, lẹ́yìn náà Adobe RGB. Ibi tí awọ ara bá ti dà bí awọ ènìyàn ni ẹ ó dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Àtúnṣe, láti ojú aṣọ mẹ́ta

Aṣọ òkè mẹ́ta tí àwọn àgbà mọ̀, àlàárì, ẹtù àti sányán, ibi mẹ́ta tí àwọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni wọ́n dúró fún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi wọ́n ṣe àyẹ̀wò.

Àlàárì ló ń tètè jáde kúrò nínú sRGB, torí pupa rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú ní 100%, kí ẹ tẹ Ctrl+3 láti rí apá pupa nìkan, Ctrl+4 fún ewé, Ctrl+5 fún búlúù, Ctrl+2 láti padà. Bí apá pupa bá funfun láúláú, tí apá ewé sì dúdú kirikiri láìsí ìlà kankan nínú rẹ̀, ojú òwú ti parẹ́. Ọ̀dà ló kù níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Ẹ padà sínú RAW. Ẹ fa Saturation pupa nìkan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rẹ Luminance rẹ̀ (bó ṣe mọ́lẹ̀ tó) náà sílẹ̀, títí ìlà òwú á fi tún máa hàn nínú apá méjèèjì. Á kọ́kọ́ ṣe yín bí ẹni pé ẹ ti ṣá aṣọ náà. Lórí pépà, àlàárì tí ojú òwú rẹ̀ hàn máa ń pupa lójú ẹni tó ń wò ó ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga tí kò ní òwú lọ.

Òkùnkùn ni ìṣòro ẹtù. Ìlà búlúù tín-ín-rín tó wà lára aró dúdú yẹn ló sọ ọ́ di ẹtù, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹ ṣí Info, kí ẹ gbé ojú asin lé ibi tó dúdú jù. Lórí pépà tí kò dán, ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà ní 15 sísàlẹ̀ sábà máa ń papọ̀ di dúdú kan náà. Ẹ fi Curves gbé ìsàlẹ̀ nìkan sókè díẹ̀, kí ẹ di àárín mú kó má tẹ̀lé e. Irun orí àti awọ adúláwọ̀ tó wà níbi òjìji á jàǹfààní nínú àtúnṣe yìí kan náà.

Sányán ni ọ̀rẹ́ mi nínú wọn. Àwọ̀ rẹ̀ tó wà láàárín bùráùn àti eérú kì í bo àṣírí: bí àwọ̀ ewé bá rọra wọ inú fọ́tò, ara sányán lẹ ó ti kọ́kọ́ rí i, kó tó hàn lára ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Fọ́tò àdánwò tiyín

Nígbà fíìmù, Kodak máa ń fún àwọn láàbù ní káàdì tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ wọn tò. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Ẹ̀rọ tí a bá fi awọ funfun tò, kò ní ṣàánú awọ dúdú. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ayé ìgbà yẹn, eyín àti ẹyinjú nìkan ló hàn níbẹ̀. Ọdún 1990 ó lé kí Kodak tó fi àwọn aláwọ̀ mìíràn kún un. Kò sídìí fún wa láti máa fi ojú àjèjì dán ẹ̀rọ wò lónìí.

Ẹ ṣe fáìlì kan ní ìwọ̀n 8 × 10 íǹṣì, 300 ppi, nínú sRGB. Ẹ kó ojú ènìyàn mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹni tó dúdú dáadáa, ẹni tó pupa, àti ẹni tó wà láàárín, kí ẹ ti gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gé àlàárì, ẹtù, sányán àti léèsì funfun sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nísàlẹ̀, ẹ fa ìlà eérú kan láti dúdú dé funfun, tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ dọ́gba: 20, 20, 20; 40, 40, 40; bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Fáìlì yìí ni ẹ ó máa tẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ láàbù, pépà tàbí íǹkì. Ẹ má ṣe tún un ṣe mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí rẹ̀, torí kí ẹ lè fi ti òní wé ti oṣù tó kọjá ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo pépà lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Prínta kan, pépà kan, íǹkì kan: prófáìlì kan nìyẹn. Epson àti Canon máa ń fi ti pépà tiwọn sínú ètò prínta; Ilford àti Hahnemühle fi tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn mú orúkọ prínta yín àti ti pépà. Lórí Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún asin tẹ fáìlì náà, kí ẹ mú Install Profile. Lórí Mac, inú /Library/ColorSync/Profiles ni kí ẹ jù ú sí. Ẹ pa Photoshop, kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo íǹkì tí wọ́n ń dà sínú táǹkì lọ́jà, ẹ gbọ́ èyí: íǹkì ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe prófáìlì ilé iṣẹ́. Bí íǹkì bá ti yàtọ̀, irọ́ ló ń pa fún yín. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ lórí pépà lè bá yín ṣe tuntun: ẹ ó tẹ ojú ìwé tó kún fún àwọn àpótí àwọ̀ láìsí àtúnṣe àwọ̀ kankan, ẹ ó jẹ́ kó gbẹ, á kà á, á sì kọ prófáìlì fún íǹkì àti pépà yín gan-an. Bí ẹ bá tún pààrọ̀ íǹkì, ó tún di dandan láti ibẹ̀rẹ̀.

Láti ṣe ìwòye, ìyẹn láti rí lójú kọ̀ǹpútà bí fọ́tò ṣe máa rí lórí pépà, ẹ lọ sí View, Proof Setup, Custom nínú Photoshop. Ẹ mú prófáìlì pépà náà ní Device to Simulate, kí ẹ yọ mààkì Preserve RGB Numbers bó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì mààkì Black Point Compensation. Ní Rendering Intent, méjì ló wúlò fún wa. Relative Colorimetric á fi gbogbo àwọ̀ tí pépà lè gbé sílẹ̀ bó ṣe wà, á wá gé èyí tó jáde kúrò padà sí etí ààlà. Perceptual á fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ kí àjọṣe àárín wọn má bàjẹ́. Fún ojú ènìyàn, Relative ni mo máa ń mú. Fún àlàárì tó kún fọ́tò, mo máa ń dán Perceptual wò, torí gígé yẹn ló ń pa ojú òwú.

Bí ẹ bá mààkì Simulate Paper Color, fọ́tò á ṣá lójú yín lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni da eérú sí i. Ẹ gbé ojú kúrò nígbà tí ẹ bá ń mààkì rẹ̀, kí ẹ tó padà wò ó. Ìyàtọ̀ lójijì ló ń bani lẹ́rù. Shift+Ctrl+Y á fi eérú bo ibi tí pépà kò lè gbé. Kì í ṣe pé kí ẹ pa gbogbo eérú yẹn run o. Ẹ kàn wò ó bóyá orí ojú òwú tàbí ojú ènìyàn ló bọ́ sí. Àtúnṣe tí ẹ bá ṣe fún pépà yìí, ẹ̀dà mìíràn ni kí ẹ ṣe é sí. Ctrl+Y ló ń ṣí ìwòye, òun náà ló ń pa á. Nínú Develop ti Lightroom, lẹ́tà S ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Títẹ̀

Bí ó bá jẹ́ láàbù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́. Prófáìlì wo ni wọ́n fẹ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù, bíi Noritsu àti Fuji Frontier, sRGB ni wọ́n sábà máa ń retí. Ǹjẹ́ wọ́n ní prófáìlì pépà tí ẹ lè fi ṣe ìwòye? Bí wọ́n bá fún yín, ojú ìwòye nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ má Convert sí i àyàfi tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó lè ti tẹ àtúnṣe aládàáṣe kí ẹ tó mọ̀, ẹ̀rọ á sì rí awọ adúláwọ̀ bí òkùnkùn tó yẹ kó lé lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi auto sí tèmi o, bó ṣe wà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́." Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ tún kọ ọ́ sínú orúkọ fóòdà.

Ẹ Convert fáìlì sí sRGB, 8-bit, JPEG, kí ẹ sì rí i pé mààkì wà nínú àpótí ICC Profile nígbà tí ẹ ń ṣe Save As. Àpótí kékeré yẹn ló ń fi prófáìlì sínú fáìlì.

Bí prínta yín ni, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yí àwọ̀, kí ó jẹ́ Photoshop. Ní ojú Print, ẹ mú Photoshop Manages Colors, prófáìlì pépà, àti intent tí ẹ fi ṣe ìwòye. Ẹ wá tẹ Print Settings, kí ẹ pa ti prínta: lára Epson, ẹ wá No Color Adjustment, lára Canon, ẹ mú Manual níbi Color/Intensity, kí ẹ mú None lábẹ́ Matching. Irú pépà tí ẹ mú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹni tó ṣe prófáìlì sọ mu, torí òun ló ń pinnu bí íǹkì ṣe máa pọ̀ tó. Bí fọ́tò bá jáde tí gbogbo rẹ̀ ń fà sí pupa-òun-pọ́pù, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló yí i.

Ẹ má dá ẹjọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí íǹkì gbẹ, títí di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò tàn sí tààrà, tàbí lábẹ́ gílóòbù 5000K tí CRI rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí) ju 90 lọ. Gílóòbù olówó kékeré kan wà tó lè mú kí sányán dà bí ewé, tó sì jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe fọ́tò náà.

Ìgbésẹ̀ 9: Èyí tó ń lọ sórí fóònù

sRGB, kí prófáìlì wà nínú rẹ̀, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà rí i bó ṣe rí, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á tún un fún pọ̀. Ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé ọ̀pọ̀ fóònù ni wọ́n fi sí ipò Vivid láti ilé iṣẹ́, tó ń mú gbogbo àwọ̀ le sí i. Ẹ gbé fọ́tò kékeré kan tí ẹ ti tẹ̀ dání lọ bá wọn, kó tó di pé wọ́n sanwó álíbọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ 10: Kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, àti gbogbo ohun tó ń lọ sí Ṣómólú

Ilé ìtẹ̀wé, irú àwọn tó kún Ṣómólú l'Ékòó, kì í ṣe láàbù. Íǹkì mẹ́rin, CMYK, ni wọ́n ń lò, àyè àwọ̀ rẹ̀ sì kéré. Búlúù tó mú nínú RGB máa ń fà sí pọ́pù níbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn àti ewé tó ń tàn á rọlẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè prófáìlì tí ẹ̀rọ wọn ń lò. Bí wọ́n bá ní "èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú wá," tí pépà sì jẹ́ èyí tó ń dán, Coated FOGRA39 ni mo máa ń mú. Ẹ má fi SWOP tó máa ń wà nínú Photoshop sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ti ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà ni. Ẹ ṣe ìwòye rẹ̀ bíi ti Ìgbésẹ̀ 7, kí ẹ fi han ẹbí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Orúkọ olóògbé àti ọ̀rọ̀ kéékèèké, ẹ kọ wọ́n ní dúdú K 100% nìkan (K ni íǹkì dúdú nínú CMYK), lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí fáìlì sí CMYK. Bí ẹ bá kọ ọ́ nínú RGB kí ẹ tó yí i, dúdú yẹn á pín sára íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí pépà bá sì yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà á máa ní òjìji. Ẹ̀dà CMYK ni kí ẹ kó fún wọn. Fáìlì RGB kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, torí bí ẹbí bá padà wá ní ọdún tó ń bọ̀ pé àwọn fẹ́ fọ́tò bàbá ní ńlá fún pálọ̀, inú rẹ̀ ni àwọ̀ ẹtù ṣì wà.